Ìbò Mẹ́tàdínlógún: Bí Vancouver Ṣe Yan Méyọ̀ Àkọ́kọ́

Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 3, oṣù Karùn-ún, ọdún 1886, àwọn èèyàn ìlú kékeré kan tó wà létí omi ní ìwọ̀ oòrùn Kánádà jáde láti dìbò yan méyọ̀ wọn àkọ́kọ́. Ìlú náà ò tíì pé oṣù kan tí òfin sọ ọ́ di ìlú. Kò ní gbọ̀ngàn ìlú, kò ní ẹ̀rọ panápaná, kò sì sówó lápò rẹ̀. Ohun tó ní ni igbó, kùkùté igi, ilé ọtí, sọ́míìlì kan, àti orúkọ tuntun: Vancouver. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, Malcolm MacLean ní 242, Richard Alexander ní 225. Ìbò 17 péré ló wà láàárín wọn.

Ìtàn ìdìbò yìí kì í ṣe ìtàn ńlá. Kò sí ogun níbẹ̀, kò sí ọba tó wàjà. Àmọ́ ó máa ń wá sí mi lọ́kàn nítorí iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Kóòdù ni mò ń kọ jẹun. Ojoojúmọ́ ni mò ń bá ìwé orúkọ wọ̀yá ìjà: ta ló lè wọlé, ta ni ò lè wọlé, kí la fi máa dá a mọ̀, kí la máa bi í kó tó kọjá. Ohun kan tí iṣẹ́ náà kọ́ mi ni pé òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀ yàtọ̀ sí òfin tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Ẹ lè kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìwé pé kí ẹnikẹ́ni má wọlé láìní nọ́ńbà. Bí kò bá sí ìlà kóòdù kan tó ń bèèrè nọ́ńbà yẹn lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ayé ló máa wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ètò kan kà sí pàtàkì ní ti gidi, ẹ wo ibi tó ti ń dá èèyàn dúró, kí ẹ sì wo ibi tó ti ń dijú. Mi ò tíì rí àpẹẹrẹ tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí tó ìdìbò Vancouver lọ́dún 1886.

Ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1865, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Edward Stamp dá sọ́míìlì sílẹ̀ létí omi Burrard Inlet. Orúkọ tí wọ́n wá mọ̀ ọ́n sí lẹ́yìn náà ni Hastings Mill. Gẹdú tó wà ní agbègbè yẹn, igi tí èèyàn mẹ́wàá lè má lè fọwọ́ gbá mọ́ra pọ̀ ju èyí tí wọ́n lè gé tán lọ. Lọ́dún 1867, awakọ̀ ojú omi kan, Jack Deighton, ṣí ilé ọtí sítòsí sọ́míìlì náà. Ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́ ni Jack, ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Gassy Jack, tí wọ́n sì ń pe àdúgbò tó yí ilé ọtí ẹ̀ ká ní Gastown. Lọ́dún 1870, ìjọba wọn ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n sì fún un ní orúkọ tó bá ìwé ìjọba mu, Granville. Ìjọba ń pè é ní Granville, àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní Gastown.

Ọkọ̀ ojú irin ló sọ Granville di Vancouver. Nígbà tí British Columbia dara pọ̀ mọ́ Kánádà lọ́dún 1871, wọ́n ṣèlérí fún un pé rélùwéè yóò so ó pọ̀ mọ́ ìlà oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Iléeṣẹ́ Canadian Pacific ló la ojú irin náà. Wọ́n kan ìṣó ìkẹyìn ní Craigellachie lọ́jọ́ 7, oṣù Kọkànlá, 1885. Port Moody ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ṣe òpin ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọ̀gá iléeṣẹ́ náà, William Van Horne, rí i pé etí omi Granville dára jù fún ọkọ̀ òkun. Ìjọba ìpínlẹ̀ bá fún iléeṣẹ́ rélùwéè ní ilẹ̀ tó lé ní 6,000 éékà kí wọ́n lè fa ojú irin dé ibẹ̀. Van Horne yìí náà ló ní kí ìlú náà máa jẹ́ Vancouver, ìyẹn orúkọ ọ̀gá atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó gba ibẹ̀ kọjá lọ́dún 1792. Ẹ̀yin náà kúkú mọ bó ṣe máa ń rí níbi tí wọ́n bá ti ní títì ńlá ń bọ̀: kí títì tó dé, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ á ti dé.

Ta ló wá la ojú irin yẹn gba àárín àwọn òkè British Columbia? Púpọ̀ nínú wọn, ará Ṣáínà ni. Nǹkan bí 15,000 ló wá ṣiṣẹ́ náà láàárín ọdún 1880 sí 1885. Iṣẹ́ tó léwu jù ni wọ́n ń gbé fún wọn, owó tí wọ́n ń gbà ò tó ti aláwọ̀ funfun, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ló sì bá a lọ, àwọn kan lábẹ́ àpáta tó wó, àwọn kan látọwọ́ àìsàn. Lọ́dún 1885 tí iṣẹ́ parí gan-an ni ìjọba Kánádà gbé owó orí 50 dọ́là ka ará Ṣáínà tó bá fẹ́ wọ orílẹ̀-èdè náà. Owó orí ní ti tòótọ́, torí orí ni wọ́n ń kà, kì í ṣe owó tó ń wọlé fún olúwa ẹ̀. Àwọn tó ti wà nílẹ̀ ń wá oúnjẹ òòjọ́ níbi tí wọ́n bá rí i: nídìí aṣọ fífọ̀, nínú oko ẹ̀fọ́, nílé ìdáná, àti ní sọ́míìlì. Àwọn kan lára wọn wà ní Hastings Mill.

Ọmọ onílẹ̀ náà ń bẹ. Ilẹ̀ tí à ń sọ yìí, ilẹ̀ àwọn Musqueam, àwọn Squamish àti àwọn Tsleil-Waututh ni. Wọn ò tà á, wọn ò fọwọ́ sí ìwé kankan pé àwọn gbé e sílẹ̀. Nígbà tí sọ́míìlì dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwọn ló ń di pákó sínú ọkọ̀ òkun. Tí ẹ bá dúró létí omi yẹn lọ́dún 1886, tí ẹ bi ara yín pé ta ló pẹ́ níbẹ̀ jù, ìdáhùn ò le.

Ọjọ́ 6, oṣù Kẹrin, 1886 ni òfin tó dá ìlú Vancouver sílẹ̀ múlẹ̀. Òfin náà sọ pé ìlú yóò ní méyọ̀ kan àti ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́wàá, àti pé kí wọ́n yàn wọ́n kíákíá. Ó sọ ẹni tó lè dìbò: ẹni tó nílé tàbí ilẹ̀, tàbí tó yá a gbé. Ó sì sọ ẹni tí ò lè dìbò: ará Ṣáínà àti ọmọ onílẹ̀, tí òfin ń pè ní Indian. Èyí kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1872, ọdún kan péré lẹ́yìn tí British Columbia wọ Kánádà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ náà ti pinnu pé àwọn méjèèjì yìí ò ní máa dìbò mọ́. Vancouver kàn da òfin àtijọ́ náà kọ sínú ìwé tuntun ni. Àwa tó ń kọ kóòdù máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: a ó mú fáìlì iṣẹ́ àná, a ó fi bẹ̀rẹ̀ tòní, gbogbo àṣìṣe tó wà nínú ti àná á sì bá wa dé ibi tuntun láìsí ẹni tó bi wá pé kí ló dé.

Ẹni méjì ló jáde fún ipò méyọ̀. Àkọ́kọ́ ni Richard Henry Alexander, ọ̀gá Hastings Mill. Ọmọ Scotland ni, ó sì wà lára àwọn tó fẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ẹrù la Kánádà kọjá lọ́dún 1862 láti wá wúrà. Ó ti pẹ́ létí omi náà. Òun ló ń sanwó fún èyí tó pọ̀ nínú àwọn tó ń jẹun níbẹ̀, ilé ìtajà sọ́míìlì ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ra ọjà. Gbogbo èèyàn gbà pé òun ni yóò wọlé. Èkejì ni Malcolm Alexander MacLean. Ọmọ Scotland lòun náà, láti erékùṣù Tiree, àmọ́ Winnipeg ló ti ń ṣòwò kó tó wá. Oṣù Kìíní ọdún 1886 ló dé. Ẹ gbọ́ o: oṣù mẹ́rin ló lò nílùú tó fi jáde fún méyọ̀. Iṣẹ́ ilẹ̀ títà ló ń ṣe. Bí àlejò bá lè gba ipò yẹn lọ́wọ́ ọ̀gá sọ́míìlì, a jẹ́ pé ohun kan ti bàjẹ́ nílé ọ̀gá.

Ohun náà ti bàjẹ́ lóòótọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ́míìlì ti ní kí iṣẹ́ òòjọ́ má kọjá wákàtí mẹ́wàá. Alexander kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n yanṣẹ́ lódì. Nínú ìjà yẹn ni wọ́n ní ó ti sọ ọ̀rọ̀ kan tó ba tiẹ̀ jẹ́ pátápátá: pé kí ni àwọn ará Kánádà wọ̀nyí bí kò ṣe ará Ṣáínà ti Àríwá Amẹ́ríkà. Ó ń sọ ọ́ láti fi kẹ́gàn wọn ni. Ọ̀rọ̀ náà dé gbogbo ilé ọtí kó tó di alẹ́. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó. Ohun tó dun àwọn òṣìṣẹ́ yẹn kì í ṣe pé ọ̀gá ń fi ojú ẹrú wò wọ́n nìkan. Ohun tó dùn wọ́n jù ni pé ó fi wọ́n wé ẹni tí àwọn fúnra wọn ò kà sí èèyàn.

Kì í ṣe Vancouver nìkan ni wọ́n ti ń jà lórí wákàtí iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ 1, oṣù Karùn-ún, 1886, àwọn òṣìṣẹ́ káàkiri Amẹ́ríkà yanṣẹ́ lódì, wọ́n ní wákàtí mẹ́jọ làwọn máa ṣe lóòjọ́. Lọ́jọ́ 3 gan-an, ọjọ́ tí Vancouver ń dìbò, ọlọ́pàá yìnbọn lu àwọn òṣìṣẹ́ ní iwájú iléeṣẹ́ McCormick ní Chicago. Lọ́jọ́ kejì, bọ́ǹbù bú gbàmù ní Haymarket ní ìlú kan náà. Torí náà, ẹ má fojú ẹni tó kàn ń wá wàhálà wo àwọn òṣìṣẹ́ Hastings Mill. Ẹjọ́ wọn tọ́. Ara tó ń gbé gẹdú láti àárọ̀ dalẹ́ ló mọ ohun tí wákàtí kan wúlò fún. Wọ́n pinnu pé ẹnikẹ́ni tó bá ti lè gbá Alexander ṣubú, òun làwọn máa dìbò fún.

Ó wá di ọjọ́ ìdìbò. Ẹ rántí pé ẹni tó bá yálé gbé lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Báwo ni ẹ ó ṣe mọ ayálégbé nílùú tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀ jẹ́ bákà pákó àti àgọ́, tí idajì àwọn èèyàn ẹ̀ dé lóṣù tó kọjá? Ìwé àdéhùn ilé ni wọ́n ní kí èèyàn mú wá. Àwọn tó ṣojú wọn sọ lẹ́yìn náà pé ìwé àdéhùn kan ṣoṣo ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì. Ẹni tó dìbò tán á jáde, á na ìwé náà sí ẹni tó ń bọ̀, ìyẹn náà á wọlé lọ sọ pé ilé yẹn lòun ń gbé. Bí gbogbo àwọn tó fi ìwé wọ̀nyẹn dìbò bá ń sùn nínú ilé tí wọ́n kọ síbẹ̀ lóòótọ́, orí ara wọn ni wọ́n ìbá máa sùn. Ọ̀gbẹ́ni James Skitt Matthews, tó dá ilé ìwé àṣẹ ìtàn ìlú Vancouver sílẹ̀, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ohun tí àwọn àgbà ìlú rántí sílẹ̀. Bí wọ́n bá dórí ìdìbò yìí, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ọgbọ́n ìlú tuntun ni wọ́n kà á sí.

Ohun kejì ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kan náà. Àwọn tó wà lẹ́yìn Alexander kó àwọn òṣìṣẹ́ tó jẹ́ ará Ṣáínà jáde láti Hastings Mill, pé kí wọ́n lọ dìbò fún ọ̀gá. Wọn ò dé ibùdó ìdìbò. Èrò pàdé wọn lójú ọ̀nà, wọ́n sì lé wọn padà sí sọ́míìlì bí ẹni lé ẹran. Kò sí ẹni tó bi wọ́n pé ìwé àdéhùn wọn dà. Kò sí òṣìṣẹ́ ìdìbò kan tó wo orúkọ wọn. Ojú wọn ti tó ìwé.

Ẹ jẹ́ ká fi nǹkan méjèèjì yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Òfin méjì ló wà nílẹ̀. Èkíní sọ pé kí ẹni tí ò nílé, tí ò yálé, má dìbò. Èkejì sọ pé kí ará Ṣáínà má dìbò. Lọ́jọ́ kan náà, nílùú kan náà, àwọn kan fẹ́ ré òfin èkíní kọjá, àwọn kan fẹ́ ré èkejì kọjá. Àwọn tó ré èkíní kọjá dìbò tán, wọ́n lọ mu ọtí. Àwọn tó fẹ́ ré èkejì kọjá, ìgboro ló lé wọn. Ẹni tó bá sọ pé òfin ni èrò yẹn ń gbèjà, kó ṣàlàyé fún mi ìdí tí òfin fi sùn ní ẹnu ọ̀nà kan tó sì jí kalẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà kejì. Ìbò 17 ló pààlà sáàárín ẹni tó wọlé àti ẹni tí ò wọlé. Ìwé àdéhùn kan tó bá yí ọwọ́ ìgbà 18 ti tó láti yí ìbò náà. Kò sẹ́ni tó padà lọ kà á.

Mi ò sọ pé ẹni rere ni Alexander nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe torí pé ó fẹ́ kí ará Ṣáínà lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ ìlú ni wọ́n fi kó wọn jáde. Owó tó kéré ló ń san fún wọn, ó wá fẹ́ fi ìbò wọn kún tiẹ̀ bí ẹni bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Bó bá wọlé, kò sí ohun tó fi hàn pé yóò jà fún ẹ̀tọ́ wọn lọ́jọ́ kejì. Ní ti àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun, ọ̀tá wọn ni ọ̀gá tó ń lo ará Ṣáínà láti fi dín owó iṣẹ́ kù. Àmọ́ kàkà kí wọ́n bá ọ̀gá tó ń san owó kékeré jà, wọ́n yíjú sí ẹni tó ń gba owó kékeré. Àwọn àgbà ní pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Bí wọ́n bá ti lè sọ pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan ò lẹ́nu, pàṣán náà ò jìnnà sí orí ẹgbẹ́ tó kù. Àwọn tó ń lé èèyàn lọ́jọ́ yẹn ò rí i bẹ́ẹ̀. Inú wọn dùn, wọ́n ti ṣẹ́gun ọ̀gá.

Ìgbìmọ̀ tuntun kọ́kọ́ jókòó lọ́jọ́ 10, oṣù Karùn-ún. Ní ìjókòó kejì, lọ́jọ́ 12, wọ́n ṣe ohun tí ìlú náà ṣì fi ń yangàn dòní: wọ́n pinnu láti bẹ ìjọba àpapọ̀ pé kó fún àwọn ní ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ológun lẹ́bàá ìlú, kí àwọn fi ṣe ọgbà ìgbafẹ́. Ìjọba gbà. Ọgbà náà ni Stanley Park, tí wọ́n ṣí lọ́jọ́ 27, oṣù Kẹsàn-án, 1888. Ìlú tí ò lówó tí yóò fi ra ẹ̀rọ panápaná ti ń ronú ibi tí ọmọ ọmọ ẹ̀ yóò ti máa najú. Ó wú mi lórí, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ yẹn kì í ṣe igbó lásán. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ń gbé nínú ẹ̀. Abúlé wọn kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ X̱wáýx̱way. Nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà ọgbà náà, wọ́n gbẹ́ òkìtì ìkarahun tí àwọn ará abúlé náà ti kó jọ láti ìran dé ìran, wọ́n fi tẹ́ ojú ọ̀nà. Èmi ò rò pé àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́wàá yẹn jókòó láti ṣèkà. Ohun tí mo rò ni pé nínú gbogbo àwọn tó dìbò fún wọn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ń gbé X̱wáýx̱way. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò sí nínú ìwé, ilé ẹ̀ ò sí lójú àwòrán ilẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 13, oṣù Kẹfà, ọjọ́ 41 péré lẹ́yìn ìdìbò, iná jó ìlú náà. Àwọn tó ń pa igbó fún iléeṣẹ́ rélùwéè ń sun igi tí wọ́n gé. Afẹ́fẹ́ líle dé, ó gbé iná náà wọ àárín ilé. Kò tó wákàtí kan tí Vancouver fi di eérú. Àwọn tí iná ká mọ́ etí omi kó sínú omi. Lára àwọn tó wá kó wọn yọ ni àwọn Squamish, tí wọ́n tu ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ wọn láti òdìkejì wá sínú èéfín. Àwọn tí òfin ìlú sọ pé wọn kì í ṣe ará ìlú ni wọ́n wá fa ará ìlú jáde nínú omi. Nígbà tí iná kú, ìgbìmọ̀ pàgọ́, wọ́n kọ ọ́ sára pátákó pé gbọ̀ngàn ìlú nìyí, wọ́n jókòó síwájú ẹ̀, Harry Devine sì yà wọ́n ní fọ́tò. Fọ́tò náà lókìkí gan-an. MacLean àti àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ẹ̀ jókòó sídìí tábìlì bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe wọ́n. Ìgboyà wà níbẹ̀. Àwọn tó tu ọkọ̀ ò sí nínú fọ́tò náà.

Ohun tó bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà ìdìbò ò parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ 24, oṣù Kejì, 1887, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ya bo àgọ́ àwọn ará Ṣáínà tí agbaṣẹ́ṣe kan kó wá láti pa igbó ní Coal Harbour. Òru ni, nínú òtútù. Wọ́n lù wọ́n, wọ́n ba àgọ́ wọn jẹ́, wọ́n sì lé wọn jáde. Ọ̀rọ̀ náà burú débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ tó wà ní Victoria ṣe òfin pàtàkì, wọ́n gba agbára ìdájọ́ àti ti ọlọ́pàá lọ́wọ́ ìlú Vancouver fúngbà díẹ̀, wọ́n sì kó ọlọ́pàá tiwọn ránṣẹ́. Ọdún kan ò tíì pé tí òfin dá ìlú náà sílẹ̀. Ìjọba tó kọ ọ́ sínú òfin pé ará Ṣáínà ò gbọdọ̀ dìbò ló wá ń ya ẹnu pé àwọn èèyàn ń na ará Ṣáínà. Kí ni wọ́n rò pé òfin yẹn ń kọ́ àwọn èèyàn? Bí òfin bá sọ pé ẹnì kan ò sí nínú ìṣirò, ìgboro á ka ara òkú ọ̀rọ̀ yẹn bó ṣe mọ̀ ọ́n kà.

MacLean ṣe méyọ̀ títí dé ìparí ọdún 1887. Ẹni tó gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀ ni David Oppenheimer, Júù kan tí wọ́n bí ní Jámánì. Alexander ò ṣe méyọ̀ rí, àmọ́ òpópónà kan ṣì ń jẹ́ orúkọ ẹ̀ nítòsí ibi tí sọ́míìlì ẹ̀ wà. Ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ wọ Vancouver lọ́jọ́ 23, oṣù Karùn-ún, 1887, ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Owó orí náà ń ga: ó di 100 dọ́là lọ́dún 1900, ó di 500 lọ́dún 1903. Nígbà tó di 1923, Kánádà ti ilẹ̀kùn mọ́ ará Ṣáínà pátápátá fún ọdún 24. Ọdún 1947 ni wọ́n tó lè dìbò sí ipò àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀, ọdún 1949 ni wọ́n tó lè dìbò ní ìlú Vancouver. Àwọn ọmọ onílẹ̀ náà rí ìbò ìpínlẹ̀ gbà padà lọ́dún 1949. Kí gbogbo wọn tó lè dìbò sí ipò àpapọ̀ láìsí ẹ̀yàwó kankan, ó di 1960.

Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀. Ọmọ ogún ọdún tí wọ́n lé padà sí Hastings Mill lọ́dún 1886, bí kò bá kú, yóò ti pé ẹni ọdún 83 kí ìlú tó gbà á láyè láti yan méyọ̀. Ìgbésí ayé odindi ni wọ́n fi dá a dúró lójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ 22, oṣù Kẹrin, 2018, ìgbìmọ̀ ìlú Vancouver jókòó ní Chinatown, méyọ̀ Gregor Robertson sì tọrọ àforíjì lórúkọ ìlú fún òfin àti ìwà ìyàsọ́tọ̀ tí wọ́n fi jẹ àwọn ará Ṣáínà níyà. Àforíjì ìdìbò wà nínú ẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ìlú náà yan Ken Sim. Òun ni méyọ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀ tí ìran ẹ̀ ti Ṣáínà wá. Ọdún 136 ló wà láàárín ìbò 17 yẹn àti tiẹ̀.

Èmi ò ní sọ pé gbogbo ẹ̀ ti dáa nìyẹn. Ohun tí mo rí kọ́ kéré jùyẹn, ó sì wúlò fún iṣẹ́ mi. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ní kí n kọ ibi tí èèyàn ó ti máa forúkọ sílẹ̀, mo máa ń bi ara mi pé ta ni ètò yìí ń bi léèrè ìwé, ta ló sì ń fi ẹ̀rín jẹ́ kó kọjá. Ìbéèrè yẹn ni àwọn ará Vancouver ò bi ara wọn lọ́jọ́ 3, oṣù Karùn-ún, 1886, nígbà tí ìlú wọn ṣì kéré tó láti yí ọ̀nà padà. Wọ́n ka ìbò, wọ́n rí 17, wọ́n hó yèè. Àwọn tí wọn ò kà ti padà sẹ́nu iṣẹ́.